Òjé Inú Kọ́tìnnì Ìyá

12 oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Ṣé orúnkún òsì yẹn ti ń gbọ́ràn? Ní tèmi, ara ń le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù ibí nìkan ni kò gba ẹ̀bẹ̀.

Ẹ ní ẹ kò fẹ́ fóònù, pé ó máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé láti ìgbà tí Ìyá ti lọ, ẹ kì í ṣí fèrèsé yàrá iwájú mọ́. Ó ní inú òkùnkùn lẹ ń jókòó sí lọ́sàn-án gangan, pé bí ènìyàn bá kí yín, "hùn" lẹ fi ń dáhùn. Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú gíà ọkọ̀ ẹrù yín, tí ẹ máa ń bẹ búréèkì bí ẹni ń bẹ àna? Báwo lẹ ṣe wá di ẹni tó ń sọ "hùn"?

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín pé n kò wá sin Ìyá. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde nígbà náà, bí mo bá sì jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó mọ ìdí tí òjò fi rọ̀ náà ṣì ń tutù.

Mo fi àpótí kan ránṣẹ́. Ọ̀gá tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀ yàrá mi máa ń gbé báálù jẹ́ẹ̀tì kékeré lọ sí pápá lọ́jọ́ ìsinmi, rìmóòtù ló fi ń darí rẹ̀. Mo dúró wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń tẹ́ ẹní sórí ẹrù ọkọ̀ yín, tí àwa méjèèjì á dùbúlẹ̀, tí a ó máa wo ìlà funfun tí báálù ń fà sójú ọ̀run. Mo bi yín bóyá àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀ máa ń lálàá. Ẹ ní wọ́n ń lá, àmọ́ pé àlá òkè fúyẹ́ ju ti ilẹ̀ lọ.

Báálù ló wà nínú àpótí náà. Ẹ tò ó díẹ̀díẹ̀. Bátìrì ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn.

Èmi ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


6 oṣù kẹta

Abẹ́rẹ́, tín-ín-rín tó ń gún ènìyàn,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo rí àpótí pẹ̀lú. Mo kí ọ. Orúnkún náà ń gbọ́ràn nígbà tó bá wù ú, ó jọ ìwọ.

Ojú rẹ ni mo bèèrè, ohun ìṣeré lo fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ rí i, ó ní, "Bàbá, ẹ ti padà di ọmọdé." Mo ní kó jáde kúrò níwájú mi. Mo ti àpótí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì pinnu pé n kò ní ṣí i.

Ṣùgbọ́n ilé dákẹ́ jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo kàn fẹ́ wo àwọ̀ rẹ̀ ni. Mo lọ yá sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ aránṣọ ọ̀ọ́kán. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì gé, mo ní báálù. Ó wò mí tìtì, ó ní, "Ẹ má gé ìyẹ́ rẹ̀ o."

Abẹ́rẹ́, ohun náà fúyẹ́! Mo gbé apá rẹ̀ lọ́wọ́, ó dà bíi pé mo gbé ìkùukùu tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Funfun ni, imú rẹ̀ ṣóńṣó, fáànù kékeré sì wà nínú ikùn rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu sí i, ó yí, ó ń mí bí ẹni tó ń sùn.

Mo ti lẹ̀ ẹ́ tán. Àmọ́ ara mi sọ fún mi pé kò dọ́gba. Bí a bá di ẹrù sí ìdí ọkọ̀ jù, iwájú rẹ̀ a máa fúyẹ́, ọwọ́ ìdarí a wá máa purọ́ fún awakọ̀. Níbo ni kí ìwọ̀n báálù jókòó sí? Bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ rẹ, kó o sì dáhùn kíákíá. Má jẹ́ kí n máa wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó jẹ wèrè ní gbèsè.

Bàbá rẹ


27 oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ní ta ló ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí mi.

Ọ̀gá náà ní ẹ wo abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ẹ ó rí àmì róbótó kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ìka gbé e dúró, bátìrì gbọ́dọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Bí ìrù bá lọ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ fò: yóò gbé imú sókè, yóò dúró lójú òfuurufú bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe, yóò sì já. Ẹ ti bátìrì síwájú. Bí kò bá tó, ẹ fi ohun tó wúwo sí imú rẹ̀. Ó dára kí imú tẹrí díẹ̀, bí ẹni tó ń kí àgbà.

Mo fi àpótí kékeré mìíràn ránṣẹ́, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Jáírò ni wọ́n ń pè é. Bí atẹ́gùn bá ti báálù sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, yóò sì gbé e padà kí ọwọ́ yín tó ṣe é. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ikùn rẹ̀ dáadáa, kó má mì.

Bí aṣọ ibùsùn ṣe ń jáde lára ẹ̀rọ ìlọṣọ níbí, funfun, gbígbóná, gígùn láìlópin, nígbà mìíràn mo máa ń rò pé orí ìkùukùu ni mo wà, tí ẹ̀yin sì ń bẹ nísàlẹ̀, lórí ẹrù, ẹ ń wò mí.

Aránṣọ wo lẹ ń sọ? N kò rántí aránṣọ kankan ní ọ̀ọ́kán wa.

Abẹ́rẹ́ yín


2 oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Má bínú pé mo pẹ́. Ọwọ́ mi dí. Ṣé o gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn lẹ́nu àgbàlagbà? Ọwọ́ mi dí!

Aránṣọ kó dé ọ̀ọ́kán lẹ́yìn tí o ti lọ. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Òun ló bá mi dọ́gba báálù náà. A dúró nínú yàrá iwájú, èmi fi ìka méjì sábẹ́ apá ọ̀tún, òun fi méjì sábẹ́ apá òsì. Ìrù lọ sílẹ̀ gbìì. Mo ti bátìrì síwájú títí ó fi kan ògiri imú, ìrù kò gbé. Mo fi kọ́kọ́rọ́ dì í, ó ń ṣe wọroworo. Ni aránṣọ bá ní, "Ṣé ohun tó kéré tó sì wúwo lẹ ń wá?" Ó wo ojú fèrèsé. Òjé pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ wà nínú ìṣẹ́tí kọ́tìnnì Ìyá rẹ, tó ń mú un dúró kí atẹ́gùn má baà gbé e. A sọ kọ́tìnnì kalẹ̀, ó tú ìṣẹ́tí rẹ̀, ó kó òjé náà lé mi lọ́wọ́, ó tutù bí ojú ẹja. Ọ̀kan kò tó. Méjì, imú bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ẹ̀kẹta, báálù náà tẹ́jú, imú rẹ̀ tẹrí díẹ̀, ó sì dúró sórí ìka wa. Kò sí ẹni tó mí.

Oòrùn ti wọlé nítorí kò sí kọ́tìnnì mọ́. Eruku ń fò nínú rẹ̀ bí wúrà. A ò tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà a gbé e lọ sí pápá ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí. Èmi di rìmóòtù mú, aránṣọ sáré, ó jù ú. Ó gbéra! Ó yẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, mo ní kò burú, jáírò Abẹ́rẹ́ á gbà á. Dípò kó gbà á, ńṣe ló tún tì í lọ. Bí mo ṣe ń fà á bọ̀ ló ń bá mi jà, títí ó fi dojú dé, ikùn rẹ̀ kọjú sókè, ó sì fi imú gún ilẹ̀. Imú rún wómúwómú.

Mo bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Aránṣọ ló ń sunkún ní tirẹ̀.

Kí la ṣe tí kò dáa?

Bàbá rẹ


21 oṣù karùn-ún

Bàbá,

Ẹ kú ilé.

Ọfà kan wà lára jáírò yẹn. Ṣé imú lẹ kọjú rẹ̀ sí àbí ìrù? Bó bá jẹ́ ìrù, ohun tó yẹ kó gbà yín ni yóò máa tì yín ṣubú, nítorí ọ̀tún ni yóò máa pè ní òsì. Ìyẹn ni ìdáhùn ìbéèrè yín.

Èmi náà ní ìbéèrè. Ta ló fún aránṣọ láṣẹ láti tú kọ́tìnnì Ìyá mi?

Èmi àti Ìyá la jọ lọ ra aṣọ yẹn. Ẹ ní ó pupa jù, Ìyá ní yóò ṣá. Bí mo bá dijú níbí, yàrá yẹn ni mò ń rí, pẹ̀lú kọ́tìnnì yẹn, Ìyá sì jókòó sídìí rẹ̀, ó ń pe ẹni tó ń kọjá lọ. Kò sójú mi nígbà tí wọ́n gbé e jáde, Bàbá. Lọ́kàn tèmi, ẹnikẹ́ni ò tíì gbé e jáde. Ẹ̀yin wá sọ aṣọ rẹ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí àjèjì kó òjé inú rẹ̀, ẹ sì ń sọ fún mi nípa eruku àti wúrà.

Èmi ni mo fi báálù ránṣẹ́ pé kí ẹ lè ṣí fèrèsé. N kò ní kí ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó ti ráyè ti ìka bọ abẹ́ apá báálù, kò ní pẹ́ tí yóò fi ráyè jókòó lórí àga.

Abẹ́rẹ́


4 oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ṣé ara yín yá? Ṣé lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ yín? N kò gbọ́ èsì. Ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ béèrè bóyá imú báálù ṣe é tún lẹ̀. N kò mọ ohun tí mo máa sọ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé, kódà kó jẹ́ "hùn" nìkan lẹ kọ.

Abẹ́rẹ́ yín


25 oṣù keje

Abẹ́rẹ́,

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni. O mọ̀ pé bíríkì ni mo mọ̀ ọ́n tò, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n o ò ní jẹ́ kí n parí gbólóhùn kan.

Bàbá wà láàyè. Ó ka lẹ́tà rẹ, ó ká a, ó fi í sápò. Láti ọjọ́ náà ó ti gbé báálù yẹn kọ́ ògiri, imú rẹ̀ fífọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ́tìnnì ti padà sójú fèrèsé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń fò nítorí kò sí òjé. Ó ti padà sídìí "hùn" rẹ̀. Aránṣọ ò yà síbẹ̀ mọ́. Bàbá ló fi lẹ́tà rẹ hàn án, torí ó ní òun ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ obìnrin náà wà láàárín ìdílé kó má mọ̀.

Gbọ́ bí ó ṣe rí, ìwọ ọmọ yìí. Nígbà tí àìsàn Ìyá le, tí kò lè dìde mọ́, ta lo rò pé ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀? Èmi? Mo máa ń dé ẹnu ilẹ̀kùn, ojú mi a ṣókùnkùn. Bàbá kò lè gbé e nìkan. Aránṣọ ni. Láràárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wá, ó ń wẹ Ìyá, ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá, a ò sì mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìyá ní ká má sọ fún ọ bí ara òun ṣe rí, kó o má baà sá wálé kí ìwé rẹ má baà bàjẹ́. Nítorí náà ni o ò fi gbọ́ orúkọ aránṣọ rí.

Mo ti sọ ọ́. Máa bú mi níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


14 oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà.

N kò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ká aṣọ àwọn aláìsàn tí n kò rí ojú wọn rí, mò ń sọ fún ara mi pé bóyá ẹnì kan ń ṣe ti Ìyá mi náà. Ẹnì kan ń ṣe é lóòótọ́. Òun ni mo wá bú.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìfọṣọ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀fúùfù ń gbé aṣọ orí okùn, wọ́n ń gbéra, wọ́n ń balẹ̀, bíi pé ẹnì kan wà nínú wọn tó ń gbìyànjú láti dìde. Mo bá Ìyá sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé ó lè jáde nínú yàrá tí mo fi í sí, bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi sì rọ̀.

Ẹ sọ báálù kalẹ̀ lára ògiri, Bàbá. Ẹ kọjú ọfà jáírò sí imú. Kí ẹ tó jù ú, ẹ gbé e lọ́wọ́, ẹ rọ ọ́ sọ́tùn-ún. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń mì lẹ́yìn apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ wálẹ̀, láti fi gbé apá náà sókè. Bó bá ń gòkè dípò bẹ́ẹ̀, ẹ má jù ú. Òjé mẹ́ta yẹn, ẹ dá wọn padà sí imú. Tiyín ni.

Abẹ́rẹ́ yín


9 oṣù kẹsàn-án

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo kí ọ. Bí o bá kúnlẹ̀, dìde. Òtútù ibẹ̀ kò dáa fún orúnkún, a ti ní ẹyọ kan tó ń dunni nínú ẹbí yìí, ó tó.

Ìrù ni mo kọjú ọfà sí. Ojú ń tì mí láti sọ.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn aránṣọ. Mo ní, "Ẹ wá bá mi ju báálù." Ó pa iná áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó wọ bàtà, ó ń lọ níwájú mi.

Ìkùukùu ṣì wà lórí pápá. A rọ báálù sọ́tùn-ún, abẹ̀bẹ̀ ọ̀tún wálẹ̀. A rọ ọ́ sósì, ti òsì wálẹ̀. Ó jù ú. Atẹ́gùn gbá a, mo rí i tí apá rẹ̀ yẹ̀, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n kí n tó gbé ọwọ́, ó ti tún ara rẹ̀ ṣe. Ó ń lọ, Abẹ́rẹ́. Ó gun orí ìkùukùu, oòrùn mú un, ó wá funfun ju bó ṣe rí nílé lọ. Gbogbo ọ̀nà tí mo wakọ̀ gbà láyé mi, ẹrù ló máa ń wà lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ yìí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn mi. N kò gbúròó ẹsẹ̀ ara mi. Bóyá mo sùn lórí ìnàró, n kò mọ̀. Nígbà tó balẹ̀ sínú koríko, ó rọra jókòó bí ẹyẹlé.

Mo wá sọ fún aránṣọ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Inú mi ló jáde, n kò múra rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ṣì ń gbé nínú ilé yín. N kò lè wọlé bá a láìjẹ́ pé ó ní kí n wọlé."

Ó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. N kò ní bẹ̀ ọ́.

Bàbá rẹ


30 oṣù kẹsàn-án

Sí aránṣọ, ọ̀ọ́kán ilé wa,

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ kú ìtọ́jú Ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá mi.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí, mo ti ya á, n kò mọ bí mo ṣe máa pè yín. Ẹ jẹ́ kí n pè yín ní "mà" ná, títí a ó fi rí ọ̀kan tó ṣe wẹ́kú.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa yín, ìbànújẹ́ ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló di bírò mú. Ẹ dárí jì mí.

Ẹ wọlé, mà. Àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé ló dùn jókòó jù.

Bí kò bá ni yín lára, ohun méjì ni mo fẹ́ bèèrè. Kí ló máa ń pa ẹ̀yin àti Ìyá lẹ́rìn-ín? Báwo sì ni ojú Bàbá mi ṣe ń rí nígbà tí báálù yẹn bá wà lókè? Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, àmọ́ kò lè rí ojú ara rẹ̀.

Abẹ́rẹ́


26 oṣù kẹwàá

Abẹ́rẹ́, ọmọ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ka lẹ́tà rẹ, torí nígbà tí mo fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì, bàbá rẹ ti gbà á.

Ìwọ ni. Ìwọ ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń wẹ ìyá rẹ, yóò máa sọ ìtàn rẹ fún mi kó má baà gbọ́ ìrora: bí o ṣe bá olùkọ́ jà nítorí pé ó ní báálù kì í sùn, bí o ṣe wọ bùbá ìyá rẹ lọ sí ojúde láìwọ ṣòkòtò. N kò rí ọ rí, ṣùgbọ́n bí o bá kọjá ní ọjà, ẹ̀yìn rẹ ni ǹ bá fi mọ̀ ọ́.

Ní ti bàbá rẹ: ẹnu rẹ̀ máa ń là sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lóúnjẹ, kò sì mọ̀. Bí báálù bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, òun náà a tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó ti rìmóòtù bọ̀ mí lọ́wọ́ lójijì nígbà tí báálù ṣì wà lókè. Mo kígbe, mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Má ṣe nǹkan kan. Gbé ìka kúrò." Mo gbé ìka kúrò. Atẹ́gùn ń ti báálù náà, ó ń yẹ̀, ó ń padà, ó ń yẹ̀, ó ń padà, ó sì ń lọ. Bàbá rẹ kò wò ó mọ́. Èmi ló ń wò.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà ẹ̀gbọ́n rẹ ti bá mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kọjá títì lánàá. Yàrá iwájú ni mo gbé e sí. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.